Ewúrẹ́ Jẹ, Ó Relé

  Ìwé wa ti oṣù mẹ́ta yìí bọ́ sí àsìkò tí koríko ń gbẹ, tí ètè ń là, tí ẹ̀fúùfù sì ń gbé eruku kiri. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká fi abala wa yìí sọ̀rọ̀ nípa iná pápá, àti nípa àwọn ẹran tí a ń sìn, tí wọ́n lè bá wa dín agbára iná náà kù bí a bá mọ̀ wọ́n dà. Ẹ pe àwọn ọmọ jọ, kí ọ̀kan nínú wọn kà á sókè fún àwọn àgbà.

Iná pápá kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn baba wa ló ní iná kì í jó oko kí màjàlà má ṣòfófó. Ẹni tó wà nílé lè má rí iná, ṣùgbọ́n yóò rí màjàlà dúdú tó ń bọ́ sórí aṣọ tó sá. Níbi tí ẹ̀fúùfù bá ti le, òfófó nìkan kọ́ ni màjàlà ń ṣe o. Ó ń gbé iná dání wá sórí òrùlé.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn kan nínú àwọn ẹbí wa olórìṣà ń gbé. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, iná kan jó ìlú Paradise àti àwọn abúlé tó yí i ká. Èèyàn 85 ló kú, ilé tó jó sì lé ní 18,000. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, iná ńlá méjì ṣẹ́ yọ ní ọjọ́ kan náà ní agbègbè Los Angeles, ilé tó lé ní 16,000 sì lọ sí i. Ọ̀kan nínú iná méjèèjì wọ Altadena. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé èèyàn dúdú ti ra ilé láyé ìgbà tí àwọn àdúgbò mìíràn kò jẹ́ kí wọ́n rà lọ́dọ̀ wọn. Ilé tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ fún ọmọ, tí ọmọ fi sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ, di eérú. Ẹni tó bá mọ ohun tí ilé baba ẹni jẹ́ á mọ̀ pé owó nìkan kọ́ ni irú àdánù bẹ́ẹ̀.

Kí ló ń fà á? Lọ́dọ̀ tiwọn, ìgbà òtútù ni òjò ń rọ̀, láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹrin. Koríko á hù, á ga, á tutù yọ̀yọ̀. Tó bá ti di oṣù Karùn-ún, òjò á dá, koríko á gbẹ, á máa dúró bí ìgbálẹ̀ títí di oṣù Kẹwàá. Ìgbà náà ni ẹ̀fúùfù gbígbẹ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti inú ilẹ̀ wá sí etí òkun. Santa Ana ni wọ́n ń pè é ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ tiwa mọ bí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń fa omi ara igi gbẹ, àmọ́ tiwọn lágbára ju ọyẹ́ lọ.

Nǹkan mẹ́ta ni iná ń fẹ́ kó tó jó: ooru, afẹ́fẹ́ àti ohun tí yóò jẹ. Kò sí ẹni tó lè ní kí ẹ̀fúùfù má fẹ́. Kò sí ẹni tó lè bu omi sí oòrùn. Oúnjẹ iná nìkan ni ọwọ́ èèyàn ká. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ kúrò níwájú iná ti sọ ọ́ di aláìlágbára kó tó dé. Ṣebí kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ibí ni ẹran ọ̀sìn ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ kì í jẹun bákan náà, ẹ̀yin tí ẹ sìn wọ́n sì mọ̀. Màlúù a fi ahọ́n wé koríko gígùn, a fà á já. Òun ló yẹ pápá gbalasa. Àgùntàn a tẹrí ba, a jẹ koríko àti ewé ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ewúrẹ́ ní tirẹ̀, ewé igi ló fẹ́ràn jù. A fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì dúró, a na ọrùn, a já ewé tó ga ju orí ọmọdé lọ. A jẹ ẹ̀gún, a jẹ ìtàkùn, a gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí ọkùnrin tó gbé ẹ̀rọ ìgéko dání kò lè gùn.

Ẹ má fojú kékeré wo ohun tí ewúrẹ́ ń ṣe yẹn. Iná tó ń rìn nílẹ̀ nínú koríko ṣì ṣeé bá jà. Ìgbà tó bá rí igi kéékèèké àti ìtàkùn gbígbẹ, tó fi wọ́n ṣe àkàbà, tó gun orí igi ńlá, ni ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. Láti orí igi ni ẹ̀fúùfù ti ń gbé màjàlà olójú iná lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ewúrẹ́ tó bá ti jẹ ewé abẹ́ igi tán ti yọ àkàbà náà kúrò nídìí igi.

Ti màlúù náà kò kéré. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Kalifọ́níà ṣírò koríko tí màlúù jẹ ní àwọn pápá ìpínlẹ̀ náà ní ọdún 2017, ó sì lé ní mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 5. Èyí tí kò bá wọ ikùn màlúù nínú rẹ̀, iná ni ì bá máa dúró dè. Ohun tí àwọn onímọ̀ yìí ń wá ni pé kí koríko kù níwọ̀nba, tí ahọ́n iná kò fi ní ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ. Bí kò bá ga jù bẹ́ẹ̀, àwọn panápaná lè sún mọ́ ọn pẹ̀lú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Bó bá ga jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á sún sẹ́yìn, wọ́n á máa retí ẹ̀rọ ńlá àti ọkọ̀ òfuurufú.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ayé gbọ́. Ilé ìkàwé tí wọ́n fi sọrí Ààrẹ Ronald Reagan wà lórí òkè ní Simi Valley, kò jìnnà sí Los Angeles. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, àwọn tó ń bójú tó o háyà ewúrẹ́ 500 láti wá jẹ igi kéékèèké tó wà lára òkè náà, lórí ilẹ̀ bí éékà 13. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, iná gbéra, ó gun òkè náà bọ̀. Nígbà tó dé ibi tí ewúrẹ́ ti jẹ, kò rí ohun púpọ̀ mú jẹ. Àwọn panápaná rí àyè dúró jà níbẹ̀, ilé náà kò sì jó.

Ẹ wo oṣù méjèèjì yẹn dáadáa. Oṣù Karùn-ún ni ewúrẹ́ jẹ, oṣù Kẹwàá ni iná dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n sanwó fún ewúrẹ́, kò sí èéfín, kò sí ẹni tó ń sá. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà? Onílẹ̀ á pe ẹni tó ni ẹran. Wọ́n á fohùn ṣọ̀kan lórí iye éékà, lórí owó àti lórí ọjọ́. Wọ́n á fi ọgbà alásopọ̀ tí iná mànàmáná díẹ̀ ń gbà inú okùn rẹ̀ yí ibi tí wọ́n fẹ́ kí ẹran jẹ ká, kí ó má bàa ré kọjá sí oko tàbí òdòdó ẹlòmíràn. Wọ́n á gbé omi lọ bá wọn. Ajá ńlá á máa ṣọ́ wọn nítorí ẹranko búburú. Darandaran á máa sùn ní tòsí wọn nínú ilé kékeré tí ọkọ̀ ń fà. Àwọn tó ń ṣe é máa ń sọ pé ewúrẹ́ 400 lè jẹ nǹkan bí éékà kan lójúmọ́, bí igbó náà kò bá ki jù. Bó bá ti tó, wọ́n á ká ọgbà, ẹran á sún síwájú.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn darandaran yìí wá láti Perú, ìwé àṣẹ iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni wọ́n sì fi wọlé. Tọ̀sán tòru ni wọ́n wà pẹ̀lú ẹran, jìnnà sí ìyàwó àti ọmọ. Láti ọdún mélòó kan ni wọ́n ti ń fà á lórí iye tó yẹ kí wọ́n máa san fún wọn. Àwọn tó ni ẹran ní bí owó àṣekún bá wọ̀ ọ́, àwọn á kógbá sílé. Àwọn tó ń gbèjà òṣìṣẹ́ ní ẹni tó ń ṣọ́ ẹran lóru yẹ kó gba owó òru. A ò ní dá ẹjọ́ yẹn níbí. Àmọ́ ó ń kọ́ wa pé ewúrẹ́ kì í dá tọ́jú ilẹ̀. Ẹni tó ń dà á ló ń tọ́jú ilẹ̀, iṣẹ́ ni, ó sì lówó.

Àwọn àgbà ní ewúrẹ́ jẹ, ó relé. Àgùntàn jẹ, ó relé. À-jẹ-ì-wálé ló ba ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà nínú òwe yẹn. Kí ẹran jẹ, kó sì mọ ìgbà tí yóò kúrò. Bó bá pẹ́ jù lójú kan, á jẹ koríko dé gbòǹgbò, á bó èèpo ara igi, ilẹ̀ á wà ní ìhòòhò. Nígbà tí òjò bá dé, àgbàrá á gbé iyẹ̀pẹ̀ òkè náà wá sínú ilé tí wọ́n ní àwọn ń dáàbò bò. Bó bá tètè dé jù, koríko á tún hù lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú. Bó bá pẹ́ kó tó dé, tí èpò ti so, èso èpò á bá a lọ síbòmíràn nínú irun rẹ̀ àti nínú imí rẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe é, nítorí koríko kì í bínú kó má hù mọ́.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi pa mọ́ fún ara wa. Nínú ẹ̀fúùfù bíi ti Paradise, màjàlà a máa fò kọjá lórí ilẹ̀ tí ẹran ti jẹ. Ilé tí ewé gbígbẹ bá kún ojú ọ̀nà omi òrùlé rẹ̀, tí igi ìdáná wà lára ògiri rẹ̀, á gba iná láti òkè, ewúrẹ́ ẹgbẹ̀rún ì báà yí i ká. Ẹran ń ran èèyàn lọ́wọ́ ni. Kò ní kí onílé má gbálẹ̀.

Ní Sípéènì, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Láti ayébáyé ni ewúrẹ́ àti àgùntàn ti ń jẹ lórí àwọn òkè wọn. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kó lọ sí ìlú ńlá ní ọ̀rúndún tó kọjá, agbo ẹran dín kù, igbó gba oko àtijọ́, iná sì rí oúnjẹ. Ìjọba Andalucía ní gúúsù wá ń san owó fún àwọn darandaran kí wọ́n máa da ẹran gba orí ilẹ̀ gbọọrọ tí wọ́n ti ṣán láàárín igbó kí iná má lè ré e kọjá. Wọn kì í kàn fọkàn sí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: ẹni kan á lọ wo bí ẹran ṣe jẹ ẹ́ tó kí owó tó jáde. Ní Catalonia, àwọn alápatà kan ń ta ẹran àwọn agbo tó ń ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú àmì lára rẹ̀, kí ẹni tó ń rà á mọ̀ pé ẹran tó jẹ igbó níwájú iná ni. Obìnrin tó ń ra ẹran ọbẹ̀ lọ́jà náà ti bá wọn dá iná dúró nìyẹn.

Nílé wa ńkọ́? Igbó tiwa kì í ṣe ti Kalifọ́níà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà tó ti ilẹ̀ wa jáde. Ní 1929, àwọn onímọ̀ igbó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan nínú igbó ọba ní Olókèméjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Wọ́n pín ilẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Lọ́dọọdún, wọ́n ń dáná sun apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi ṣì wà lára koríko. Wọ́n ń sun apá kejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti gbẹ kangbẹ. Wọn ò jẹ́ kí iná dé apá kẹta rárá. Nígbà tí yóò fi tó ọgbọ̀n ọdún, apá tí iná kò dé ti di igbó dídí. Èyí tí wọ́n ń sun ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ní igi púpọ̀. Èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn di pápá koríko, ìwọ̀nba igi tó láyà ló kù níbẹ̀. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ló rọ̀ sí i. Koríko tó ti gbẹ tán pátápátá kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń pa igi. Nítorí náà, ohun tí a bá fẹ́ ṣe sí koríko, yálà ọkọ́ ni o tàbí ẹnu ẹran, kí ó tó gbẹ ni ká ti ṣe é.

Ẹnì kan á ti máa sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, àbí ẹ fẹ́ ká jẹ́ kí màlúù wọ oko wa ni? Rárá o. A mọ ohun tí ojú àwọn àgbẹ̀ ti rí, a mọ iye ẹ̀mí tó ti bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ìdí tí ìpínlẹ̀ Èkìtì fi ṣe òfin lórí ìjẹko ẹran ní 2016 nìyẹn, òun náà ló sì mú kí àwọn gómìnà gúúsù pé jọ sí Asaba ní oṣù Karùn-ún 2021, tí wọ́n ní kí dída ẹran kiri ní gbangba dópin. Ohun tí a ròyìn láti Kalifọ́níà àti Sípéènì yàtọ̀ sí ìyẹn bí ọ̀sán ṣe yàtọ̀ sí òru. Onílẹ̀ ló pe ẹran. Ó mọ iye rẹ̀, ó mọ ẹni tó ń dà á, ó mọ ọjọ́ tí yóò dé àti ọjọ́ tí yóò lọ, ọgbà sì wà láàárín ẹran àti oko ẹlòmíràn. Ẹran tí a kò pè tó wọ oko olóko, à-jẹ-ì-wálé ni, kò sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ iná dá a láre.

Àwa olórìṣà mọ ewúrẹ́ lójúbọ, a mọ̀ ọ́n nínú ọbẹ̀. Ó yẹ ká mọ̀ ọ́n lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ewúrẹ́ kúkúrú tiwa tó wà lẹ́yìnkùlé kò tó agbo 500, ṣùgbọ́n etílé nìkan náà ni iṣẹ́ tirẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá, kí òjò tó dá, tí koríko ṣì tutù, ẹ so ó mọ́ ibi tí koríko ti ga lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká àti lẹ́bàá ọ̀nà oko. Ẹ gbé omi fún un, ẹ wá ibòòji sí i, ẹ máa ṣí i nípò lójoojúmọ́. Èyí tó bá jẹ kù, kí ọkọ́ parí rẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí nínú ọyẹ́ lọ́wọ́, ewúrẹ́ ti pẹ́ fún ọdún yìí. Ọkọ́ àti ìgbálẹ̀ ló kù.

Igbó òrìṣà ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ wọ̀ ọ́. Ọ̀mùnú igi tó ń hù lábẹ́ igi ńlá ni yóò kọ́kọ́ jẹ, àti ewé tí a ń já fún ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀mùnú yẹn ni yóò di igbó lọ́la. Igbó tó bá dí, tó ní òjìji àti ọ̀rinrin, iná kì í tètè rí i wọ̀. Etí rẹ̀ ni iná ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń kan ilẹ̀, tí koríko pápá ti fara ti igi. Ọdọọdún ni iná ń bù díẹ̀ jẹ níbẹ̀, títí igbó á fi sún sẹ́yìn lójú wa. Etí yẹn ni ká máa ro ní ìparí òjò, kí gbogbo ẹbí sì jọ ṣe é gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ òrìṣà, nítorí iṣẹ́ òrìṣà náà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kalifọ́níà àti níbi tó jọ ọ́, ẹ bi àwọn panápaná àdúgbò yín bóyá ètò ewúrẹ́ wà níbẹ̀. Onílé mẹ́wàá tó pawọ́ pọ̀ lè háyà agbo tí onílé kan kò lè dá háyà. Ẹ kó ewé kúrò lórí òrùlé, ẹ gbé igi ìdáná jìnnà sí ògiri. Ọ̀rọ̀ kan tún rèé tó kan àwa nìkan: ẹni tó bá gbé ẹbọ lọ sínú igbó tàbí sí etí odò lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kó má fi àbẹ́là tó ń jó sílẹ̀ kó máa lọ. Kó dúró tì í títí yóò fi kú, tàbí kó má tàn án rárá. Òrìṣà kì í béèrè ilé aládùúgbò mọ́ ẹbọ.

Kí iná má jó wa nílé, kó má jó wa lóko. Kí ẹran ọ̀sìn wa máa bí sí i, kó jẹ, kó relé. Àṣẹ. Ó di ìwé wa tó ń bọ̀.